Káàdì Mẹ́tàlélógójì Nínú Àpótí Ìyá Àfúsá

Òwu, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025.

Ameenah, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ ọ́, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni náà ni màá fi kún bébà yìí bí mo ṣe máa ń ṣe. Kì í ṣe àpò ìyẹ̀fun ni mo ń ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ wa. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ó sì ti pé oṣù mọ́kànlélógún. Àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ni mo ń ṣọ́.

Ó tán. Mo rò pé àyà mi á fúyẹ́ bí mo bá ti kọ ọ́. Kò tíì fúyẹ́.

Kú àwẹ̀ o, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dín kù? Ìyá rẹ ń kí ọ. Ṣọ́ọ̀bù ike rẹ̀ ní Kútọ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ awò ojú mi ti já, òwú ni mo fi so ó mọ́ etí, kí o jọ̀ọ́ bá mi wá òmíràn.

O ó béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù nípa àbúrò ìyá rẹ, kí a tó kírun ìrọ̀lẹ́ gbogbo ẹbí ti gbọ́ ọ, títí kan àbúrò ìyá rẹ fúnra rẹ̀. O ní ìka rẹ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù fóònù. Bébà ni mo fọkàn tán, mo sì máa fún àwọn tó ń gbé ìwé lọ sókè òkun ní Kútọ̀.

O mọ ilé-iṣẹ́ náà, ní ìyànà tó wà lójú ọ̀nà Ewékorò, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń bu eruku lù wá. Ẹ̀gẹ́ la ń bó níbẹ̀, tí a ń rẹ, tí a ń sá, tí a ń lọ̀, kí wọ́n tó dì í sínú àpò tó ń lọ sọ́dọ̀ òyìnbó. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn ará oko ni wọ́n, láti apá Ìmẹ̀kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń bọ òrìṣà ilé baba wọn. Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Mánéjà wa, Timothy, ló ní kí n máa mójú tó wọn. Mo ń kà wọ́n láàárọ̀, mo ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́. Káàdì ìdánimọ̀ gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi, inú àpótí ìrókò ìyá mi ni mo kó wọn sí. O ò lè gbàgbé àpótí yẹn. Àmánà ni. Bí ìyá mi ṣe ń bá gbogbo Òwu tọ́jú nǹkan ni mo ṣe ń bá wọn tọ́jú tiwọn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Àwọn tó ń ra ìyẹ̀fun wa ń bọ̀ wá yẹ ibi iṣẹ́ wò. Wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù ṣáájú, èmi ni Timothy ní kí n kún un. Mo parí ìwé girama, mo lè ka gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ìbéèrè keje dá mi dúró. Wọ́n ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń di ìwé òṣìṣẹ́ mú. Ṣé ẹni tó ń bá ènìyàn tọ́jú nǹkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Tàbí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀? Mi ò gbà pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Ìwọ tó wà lọ́dọ̀ wọn, bá mi wádìí rẹ̀.

Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ,
Láwàlì.


Leicester.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìtúnu àwẹ̀. Àṣeyí ṣe àmọ́dún o. Orí pápá ilé-ìwé kan la ti kírun níbí, ọ̀rá ni wọ́n tẹ́ sórí koríko tútù, omi sì wọ ìbọ̀sẹ̀ mi kí a tó ṣe sùjúùdù kejì. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Mo ti ń wá awò ojú yín.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì gbàgbé ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Èmi náà ní ohun tí mi ò sọ. Ẹ mọ̀ pé bísíkíìtì ni a ń ṣe ní ibi iṣẹ́ mi, fún àwọn tí ikùn wọn kì í gba àlìkámà. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ la fi ń ṣe é. Láti oṣù Kọkànlá ni mo ti ń rí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín lára àpò tí mo ń tú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí “Abẹ́òkúta” lára àpò, mo fi ìbọ̀wọ́ nu eruku orí rẹ̀ kí n tó gé okùn rẹ̀. Mo ń fi í pamọ́ kí n lè fi ṣe yín ní ẹ̀fẹ̀ nígbà tí mo bá wálé, pé ẹ̀yin lẹ kó àpò náà jọ, èmi ni mo tú u.

Ẹ ní kí n wádìí ohun tí wọ́n ń wá. Bàbá mi, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ni. Bébà kan wà lára ògiri ilé ìyàgbẹ́ wa níbi iṣẹ́, èdè mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá ò sí nínú rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí: Ṣé ẹlòmíràn ló ń tọ́jú ìwé rẹ? Ṣé o lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ọ́? Ṣé wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí o máa sọ bí àlejò bá bi ọ́ léèrè? Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrú ìgbàlódé ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Òfin ìlú yìí ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ròyìn lọ́dọọdún ohun tí wọ́n ń ṣe kí irú rẹ̀ má bàa sí lọ́dọ̀ wọn, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà fún wọn, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú ọ̀bẹ bó ẹ̀gẹ́.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà? Bí àwọn ènìyàn yẹn bá fẹ́ lọ sílé, ṣé wọ́n ń lọ? Ǹjẹ́ ẹnìkan ti béèrè káàdì rẹ̀ rí, tí ẹ ò fún un?

Ìyá mi sọ fún mi pé àpótí Ìyá àgbà ò sí nílé mọ́. Ó ní nígbà tí òun bi yín, ẹ ní ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún káfíńtà. Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Ọmọ yín,
Ameenah.


Òwu, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Ameenah,

O ṣeun tí o kí wa kú ọdún.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló kọ lẹ́tà yẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ni mi ò mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ti àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló jókòó tì ọ́? Mo yẹ àpò ìwé náà wò, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn lápá kan bí ẹni pé wọ́n tú u kí wọ́n tó tún un lẹ̀. Oṣù Kọkànlá ni o ti mọ ibi tí àpò ti ń wá, o dákẹ́. Ìwọ lo wá ń bi mí nípa irọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọn ò fi ọ́ síbi àpò yẹn kí o lè máa wò mí láti ọ̀hún?

Mo bi ìyá rẹ bóyá òun ló ń ròyìn mi fún ọ. Ó ní, “Bàbá Ameenah, àpótí tí ẹ gbé sórí ọ̀kadà gba àárín Òwu kọjá ní ọ̀sán gangan, ṣé ẹ rò pé ó nílò amí?” Àwọn tó jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí gbọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí o lè mọ irú ẹni tí ò ń pè ní ẹni tó ń kó ènìyàn lẹ́rú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, lọ́ọ̀rì já wọn sẹ́nu géètì. Timothy ní kí wọ́n kó káàdì wọn wá. Wọ́n kọ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ kalẹ̀. Timothy pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn tó ṣáájú wọn ti sá lọ. Ó ní èdè Kétu lẹ́nu wọn, tará ibí tará òdì-kejì bodè ló ń sọ ọ́, ẹni tí ò bá ní káàdì lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, àjèjì ni wọ́n máa pè é, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá. Ó ní bí káàdì bá wà lọ́dọ̀ wa, wọn á fara balẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn ló wá tẹjú mọ́ mi. Ó ní, “Ìwọ kọ́ lọmọ Àfúsá alápòótí, ní Òwu?” Mo ní èmi ni. Ó yíjú sáwọn yòókù, ó ní nígbà tí òun ń ná ọjà ní Abẹ́òkúta, ìyá mi bá òun tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó òun fún ọdún mẹ́fà, ẹyọ kan ò dín. Ó ní kí wọ́n kó o fún mi. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tò, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Kò sẹ́ni tó dè wọ́n. Mo lọ gbé àpótí ìyá mi wá lọ́jọ́ kejì kí ó lè jẹ́ òtítọ́ lójú wọn.

Ṣé ẹrú nìyẹn? Wá bá mi sọ ọ́.

Lọ́dọ̀ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọrùn mi ló wà. Wọ́n ń lọ sílé bí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Ní ti ìyá rẹ, mo sọ̀rọ̀ ikán torí mi ò fẹ́ àlàyé.

Mo ti kún fọ́ọ̀mù náà. Ní ìbéèrè keje, mo kọ “Rárá”, mo buwọ́ lù ú, Timothy sì ti fi ránṣẹ́. Má bi mí mọ́.

Láwàlì.


Leicester.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ìyá mi.

Ẹnikẹ́ni ò jókòó tì mí. Èmi ni mo tún gọ́ọ̀mù yẹn lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, torí mo ti lẹ̀ ẹ́ pa tán kí n tó rántí pé mi ò kí ìyá mi. Mo tú u, mo fi kún un. Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀, bíírò mìíràn ni.

Nítorí ẹ bínú, màá sọ ohun tí mo ti pinnu pé mi ò ní sọ láé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, obìnrin tó fún mi ní yàrá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ó ní ilẹ̀kùn yàrá mi ò ní kọ́kọ́rọ́, kí n jẹ́ kí òun bá mi tọ́jú páspọ́ọ̀tù mi. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fún un. Mo tilẹ̀ jókòó sọ ìtàn Ìyá àgbà fún un, àpótí rẹ̀, bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn iléyá tí yóò tẹ́ ẹní sí àgbàlá ní ìyálẹ̀ta, tí yóò ṣí àpótí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, tí èmi á sì máa pe orúkọ kí olúkúlùkù wá fojú rí nǹkan rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú un, á mú un. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀, á fi í sílẹ̀. Obìnrin náà ní ìtàn yẹn dùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbálẹ̀ ilé rẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí mo ń wẹ ọmọ rẹ̀ bí mo bá dé. Lọ́jọ́ tí mo béèrè páspọ́ọ̀tù mi, ó ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?” Bàbá mi, ohùn rẹ̀ ò le. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àmánà, torí gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ti àpótí yẹn, mi ò gbọ́ kí Ìyá àgbà bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fẹ́ fi nǹkan rẹ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló gbà mí kí n tó rí i gbà padà. Nọ́ńbà tó wà lára ògiri ilé ìyàgbẹ́ ni mo pè. Ẹ̀yin rò pé òtútù ló lé mi kúrò nílé yẹn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè mi àyàfi ọ̀kan. Mo ka lẹ́tà yín títí, mo ń wá a. Ẹ ò kọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò kọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Awò ojú yín wà nínú páálí yìí. Kí ẹ máa lò ó ní àlàáfíà.

Ameenah.


Leicester.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ iléyá. Mi ò tíì rí èsì, mi ò sì lè dúró dè é mọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, Àlàmísì, ni àwọn àlejò yẹn máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀gá mi bi mí lánàá bóyá mo gbọ́ èdè Abẹ́òkúta. Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n jókòó sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, wọn á so mí pọ̀ mọ́ wọn lórí fídíò, kí n máa túmọ̀ ohun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ bá sọ. Mo ti ní “bẹ́ẹ̀ ni” kí n tó rántí pé ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi léèrè.

Mi ò tíì sọ fún wọn pé bàbá mi ni yín. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, ìbéèrè keje máa dé, ẹ̀yin á dáhùn, ẹnu mi ni ìdáhùn yín máa gbà jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n bá yín gbé e.

Ameenah.


Òwu, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, 2025.

Ameenah, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Awò ojú dé ọwọ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí oòrùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n fi nǹkan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ̀ ọ́, mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ jáde, mo tún wọn kà. Mo rí ìlà tí o fi bíírò mìíràn kọ. Ìyá rẹ ni o ń kí lóòótọ́.

Páspọ́ọ̀tù rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ bú obìnrin yẹn, mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, ohùn ara mi ni mo gbọ́. Ìdí nìyí tí èsì mi fi pẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń mú bíírò, tí mò ń gbé e sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnìkan béèrè.

Ọ̀ṣunjìmí lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, òun ló yára jù láti bó ẹ̀gẹ́ nínú gbogbo wọn. Nínú oṣù Kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí i láti abúlé pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ó wá sí ọ́fíìsì mi láàárọ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun ní káàdì òun. Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?” Mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gbogbo ọgbà ló ti gbọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ sìnkú bàbá òun, pé òun ni dáwódù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí sàréè. Kọ́ńtáínà kan wà nílẹ̀ nígbà náà tí a ò tíì kó ẹrù kún. Timothy ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Mo sọ fún un pé kó ní sùúrù ọjọ́ mẹ́wàá. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn.

Ó lọ láìmú káàdì. Wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n gbọ́ èdè lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní kó fi ìwé hàn. Kò ní ìwé. Wọ́n ní ará òdì-kejì bodè ni, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n fi máa fi í sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti bu erùpẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ wa torí ohun tó lè fi sọ pé ọmọ ibí ni òun, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ó dúró níwájú tábìlì mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá, ohun tí mo fi sí yín lọ́wọ́ ńkọ́?” Mo ní kó lọ máa bó ẹ̀gẹ́.

Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ló ń jókòó sí bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ sí mi. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ló mú mi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ọ, Ameenah. Ẹ̀yìn yẹn ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Timothy pè mí. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ Àlàrùba kí n pín káàdì fún gbogbo wọn, kí àwọn àlejò lè bá a lọ́wọ́ wọn ní Àlàmísì. Ní Jímọ̀, kí n gbà á padà. Ó ti ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Mo gbọ́ wọn nínú ọgbà, wọ́n ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé kéwú: “Ọwọ́ wa ni ìwé wa wà, a lè lọ nígbà tó bá wù wá.” Ìyá àgbàlagbà yẹn, tí ìyá mi bá tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀, wà láàárín wọn. Kò kà á. Mo rí i pé èmi ló ń wò. Mo rántí bébà tó wà lára ògiri yín.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ lánàá. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn ń ká aṣọ lọ. Ó ní, “Ikán kì í jẹ igi ìrókò, Bàbá Ameenah. Mo ti ń dúró dè yín láti ọjọ́ yẹn.”

Mi ò mọ̀ bóyá ọkàn mi ló mọ́ ni, àbí ẹ̀rù fídíò rẹ ló ń bà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ lọ́kàn mi láti oṣù Kejì pé ọ̀la ni. Timothy lè lé mi lọ. Ó lè jẹ́ èmi gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, torí orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọn ò mú ẹni tó yẹ.

Lẹ́tà yìí ò ní bá ọ kí Àlàmísì tó dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀ wá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù bí mo bá ti lẹ àpò ìwé yìí tán. Ohun tí màá sọ nìyí: sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni mí, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa túmọ̀ tèmi. Sọ fún wọn pé ohun tí mo kọ sí ìbéèrè keje, irọ́ ni, èmi tí mo buwọ́ lù ú ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má bi àwọn ènìyàn yẹn léèrè nínú ọ́fíìsì Timothy. Kí wọ́n lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, kí wọ́n jókòó sílẹ̀. Kí wọ́n tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni Timothy ń dúró dè. Bí ìka rẹ bá tún ṣèèṣì, tí gbogbo ẹbí gbọ́ ọ, kí wọ́n gbọ́ ọ.

Lọ́la ni ọjọ́ Àtìní. Ìyá rẹ máa ti ṣọ́ọ̀bù pa, yóò tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì kí n má bàa yà síbòmíràn. Aago mẹ́jọ ni Timothy máa ń dé. Ní aago méje, màá gbé àpótí jáde sí ibi tí a ti ń sá ẹ̀gẹ́, màá tẹ́ ẹní ìyá mi, màá ṣí i sílẹ̀, màá máa pè wọ́n lórúkọ títí yóò fi ku ìsàlẹ̀ àpótí. Ọ̀ṣunjìmí ni màá kọ́kọ́ pè. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé káàdì rẹ̀ fún mi, ọwọ́ méjèèjì ni màá fi gbé e fún un. Mi ò ní bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Bàbá rẹ,
Láwàlì ọmọ Àfúsá.